Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, £18,000 àti ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ àlòkù méjì

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London ti dá £18,000 jọ láti ran àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn kan níbí fẹ́ fún wa ní ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ (dialysis) àlòkù méjì lọ́fẹ̀ẹ́. A fẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà nílùú wa, níbi tí wọn kò tíì fọ ẹ̀jẹ̀ rí. Ṣé kí á fi owó yìí gbé ẹ̀rọ lọ ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, akọ̀wé, ẹ bá wa kí gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ náà. Ẹ fi owó yín sanwó ìfọ̀jẹ̀ fún aláìsàn níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì ya apá tó jọjú sọ́tọ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ṣì lè padà bọ̀ sípò. Nínú gbogbo ohun tí ìfọ̀jẹ̀ ń béèrè, ẹ̀rọ ló rọrùn jù láti rí. Òun náà ló sì rọrùn jù láti dúró tì kí wọ́n ya fọ́tò ẹni, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bùn ẹ̀rọ fi máa ń pọ̀ ju ẹ̀bùn omi lọ.

Omi yẹn gan-an ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú pátápátá nílò ìfọ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí á pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó: 156 ni lọ́dún. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń fi nǹkan bíi mílílítà 500 omi ìfọ̀jẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, èyí tó di lítà 120 kí ìjókòó kan tó parí. Bí ènìyàn bá mu omi tí kò mọ́ tó, ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ bá a jà. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo tó wà nínú asẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ló wà láàárín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti omi náà.

Nítorí náà, kí omi tó dé ẹ̀rọ, ó ní láti la ọ̀wọ́ asẹ́ kọjá. Asẹ́ tó ń gba iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló ṣáájú. Táńkì tó ń yọ kálísíọ̀mù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà táńkì èédú méjì tó tò tẹ̀léra, kí ó tó wá kan ẹ̀rọ RO, tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tó dí gan-an. RO yìí a máa da omi nù. Fún lítà kan tó mọ́, ó lè da lítà kan mìíràn sí gọ́tà. Bí ẹ bá fi omi tí wọ́n fi ń ṣan ẹ̀rọ kún un, ẹ ka lítà 250 sí 300 sí ìjókòó kan. Ẹ̀rọ méjì tí ń gba aláìsàn méjì méjì lójúmọ́ á mu lítà 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ẹ̀ẹ̀rùn bí ní òjò. Ṣé kànga-dẹ̀rọ ilé ìwòsàn ìlú yín lè gbé e?

Bí ọ̀kan nínú àwọn asẹ́ wọ̀nyí bá kọṣẹ́, aláìsàn ló ń jìyà rẹ̀. Bí èédú bá ti gbó, kúlórínì á kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Ìyẹn ló mú kí nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ kúlórínì wò lẹ́yìn táńkì èédú àkọ́kọ́ kí ọ̀wọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó jókòó. Kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.1 lọ nínú lítà kan. Bí táńkì kálísíọ̀mù bá dákẹ́, orí á máa fọ́ aláìsàn, á máa bì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì ru lórí àga. Álọ́ọ̀mù tí a máa ń jù sínú dúrọ́ọ̀mù kí omi lè tòrò ní alumíníọ̀mù nínú. Bí RO kò bá gbà á mú, ó ń wọ egungun àti ọpọlọ lọ díẹ̀díẹ̀. Ti kòkòrò àìfojúrí tún wà níbẹ̀. Lóṣooṣù ni ó yẹ kí wọ́n yẹ omi náà wò, kí iye tí wọ́n bá rí má sì tó 100 nínú mílílítà kan. Láàbù tó bá sì lo ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò fún un kò ní rí nǹkan kan, nítorí àwọn kòkòrò inú omi wọ̀nyí fẹ́ràn ibi tútù, ó sì lè tó ọjọ́ méje kí wọ́n tó hàn.

Ní ìlú Caruaru ní Brazil, lọ́dún 1996, táńkà ló ń gbé omi láti adágún wá fún ilé ìfọ̀jẹ̀ kan. Májèlé láti ara kòkòrò àìfojúrí aláwọ̀ ewé inú adágún náà gba inú asẹ́ tí wọn kò tọ́jú dáadáa wọlé. Àwọn tó kú nínú aláìsàn wọn lé ní 50. Omi ló pa wọ́n, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "a óò máa ra omi táńkà", kí ẹ rántí Caruaru.

Iná ló tẹ̀lé omi. Ẹ̀rọ tó ti London wá bá iná Nàìjíríà mu, nítorí fóltì 230 àti 50Hz ni ìlú méjèèjì ń lò. Àwọn ará yín ní Amẹ́ríkà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí 120 àti 60Hz ni tiwọn. Ẹ̀rọ kan lè fa tó kílówáàtì méjì nígbà tó bá ń gbé omi gbóná, RO náà sì ní páǹpù tirẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín ìjókòó, bátìrì inú ẹ̀rọ, bó bá ṣì dára, á yí ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bátìrì ẹ̀rọ àlòkù sì sábà máa ń ti kú. Nọ́ọ̀sì á wá fi ọwọ́ yí páǹpù láti dá ẹ̀jẹ̀ padà sára aláìsàn. Bí kò bá yára, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú rọ́bà, nǹkan bíi mílílítà 200 á sì ṣòfò lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gba iṣẹ́ fúnra rẹ̀ àti owó dísẹ̀lì olóṣooṣù wà lára iye owó ẹ̀rọ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Hẹpatáítíìsì B kò jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì tó nǹkan. Ẹni tó bá ní in kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ní, àrùn náà sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú méjì yín á ti di ti ọ̀wọ́ kan nìyẹn, ọjọ́ tí èkejì bá sì bàjẹ́, kò síbi tí àwọn yòókù á gbà. Ti òṣìṣẹ́ kò nílò àlàyé gígùn. Nọ́ọ̀sì kan lè bójú tó aláìsàn mẹ́ta sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn ńlá. Bí ẹ bá kọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tó bá já pa ni iṣẹ́ dúró.

Ó wá ku owó. Bí á bá fi £1 sí ₦2,000 nítorí ìṣirò, £18,000 jẹ́ ₦36 mílíọ̀nù. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó ìjókòó kan ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan á wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000. UCH Ìbàdàn, FMC Abẹ́òkúta, LUTH àti FMC Ẹ̀bútè Mẹ́ta wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni ní iye tiwọn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba ìwé tó sọ iye tí wọ́n ń gbà lónìí, ohun tó kó mọ́ra àti ohun tí kò kó mọ́ra. Ìjókòó kan ń jẹ asẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan, rọ́bà ẹ̀jẹ̀ lílọ àti bíbọ̀, abẹ́rẹ́ ńlá méjì tàbí ìdérí kátétà (rọ́bà tí wọ́n kì bọ iṣan ńlá fún ìfọ̀jẹ̀), omi ásíìdì bíi lítà mẹ́ta àbọ̀, báíkábónéètì, heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, omi iyọ̀ lítà kan, ìbọ̀wọ́ àti síríńjì. Níbòmíràn, wọn á ní owó ìjókòó ti wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹbí lọ ra rọ́bà wá láti ìta.

Bí ẹ bá pín ₦36 mílíọ̀nù sí ₦50,000, ìjókòó 720 ni, kò sì ní tó ènìyàn márùn-ún gbé ọdún kan já. Ní ₦12,000, ó jẹ́ ìjókòó 3,000, tó lè gbé ènìyàn 19 já ọdún kan. Lẹ́yìn ọdún náà ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í bi ara wọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú kò ní ọjọ́ ìparí, àfi bó bá rí kíndìnrín mìíràn gbà. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjókòó mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ tán, ó di méjì, ó di ẹyọ kan. Omi á kún ẹ̀dọ̀fóró, pọtásíọ̀mù á sì pọ̀ débi tí ọkàn lè dúró lójijì. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, pẹ̀lú bánà àti fọ́tò, kò yí ọ̀nà ẹnì kankan padà.

Àwọn mìíràn wà tí kíndìnrín tiwọn dákú ni, tí kò kú. Obìnrin tó sun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ tàbí tó ní gìrì aboyún, ọmọ tí ibà líle kọlù, ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru gbẹ omi ara rẹ̀, ẹni tí àgbo kan tàbí oògùn ìrora àlòjù pa kíndìnrín rẹ̀ lára. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní kíákíá, kíndìnrín rẹ̀ sábà máa ń jí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́fà péré, á sì lọ sílé tí kò ní nílò ẹ̀rọ mọ́. Ohun tó ń pa wọ́n ni pé ilé ìwòsàn ń dúró de owó àsansílẹ̀, ẹbí sì ń wá a kiri fún ọjọ́ méjì. Bí owó bá ti wà nílẹ̀, tí dókítà lè bẹ̀rẹ̀ lóru kí ẹnikẹ́ni tó san nǹkan, ẹ̀bùn yín á lágbára níbẹ̀ ju ibikíbi mìíràn lọ. Ìjókòó mẹ́fà jẹ́ ₦72,000 ní iye tó rọ̀, ₦300,000 ní iye tó gbówó lórí. Nítorí náà, ẹ fi ₦12 mílíọ̀nù síbẹ̀: ní iye tó gbówó lórí pàápàá, ó tó fún ènìyàn 40. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé mẹ́fà àkọ́kọ́ kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni lókè òkun, lẹ́yìn rẹ̀ ni kí dókítà ṣàlàyé bóyá kíndìnrín ń padà bọ̀.

Fún àwọn onígbà pípẹ́, ẹ san ìjókòó kẹta. Ẹ mú àwọn tó ń dá méjì san fúnra wọn lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Ní ₦12,000, ìjókòó kan lọ́sẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ ₦624,000. Ènìyàn mẹ́wàá fún ọdún méjì jẹ́ ₦12.48 mílíọ̀nù. Ẹ má gba ènìyàn kọkànlá títí àyè á fi ṣí sílẹ̀. Ó le láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìlérí tó já ní oṣù kẹjọ burú ju àìṣèlérí lọ.

Èyí tó ṣẹ́ kù, bíi ₦11.5 mílíọ̀nù, ni kí ẹ fi san àwọn nǹkan kéékèèké tí kò sẹ́ni tó ń rántí. Kátétà ló ṣáájú wọn. Èyí tí wọ́n kì bọ ìtan jẹ́ ti ọjọ́ díẹ̀, ó sì máa ń kó kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nítorí pé ti ọrùn tó ń pẹ́ gbówó lórí. Ohun tó dára jù fún onígbà pípẹ́ ni físítúlà, iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n fi ń so iṣan méjì pọ̀ ní apá. Ó ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó gbó tí wọ́n á lè gún un, nítorí náà kí wọ́n tètè ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ẹ̀jẹ̀ ní apá tí wọ́n fẹ́ lò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí àwọn aláìsàn ń pè ní EPO. Bí kò bá sí, wọn á máa fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí wọn lára, ìyẹn sì lè mú kí ara wọn kọ kíndìnrín tí wọ́n bá fún wọn lọ́la. Inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8, ni EPO ń gbé. Èyí tó ti gbóná nínú báàgì láti London lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B kún un: ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́fà, ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń fún ẹni tára rẹ̀ le. Owó ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn, pàápàá fún ará ìlú yín tí á máa lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ẹ má ra asẹ́ àti rọ́bà ní London. Ẹ̀rọ mìíràn kì í gba rọ́bà ilé iṣẹ́ tí kò ṣe é, ásíìdì wúwo, ọjọ́ ìlò á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kó tó kúrò ní èbúté. Fáámásì ilé ìwòsàn náà ni kó rà á.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ á sọ pé kí ẹ kúkú pààrọ̀ kíndìnrín fún ẹyọ ènìyàn kan. Wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà láti ọdún 2000, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Lagos. Àmọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun náà, títí ayé ni. Bí owó rẹ̀ bá dúró, kíndìnrín náà á lọ. Òfin ìlera ti 2014 sì ka rírà àti títa ẹ̀yà ara léèwọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London á rántí ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ Ekweremadu ní 2023, tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó gbìmọ̀ láti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí London kí wọ́n lè yọ kíndìnrín rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ "olùfúnni" tí ẹbí kò lè ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ sí wọn.

Bí owó ṣe máa rìn ló kàn. Kò gbọ́dọ̀ gba inú àkáǹtì dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ẹbí aláìsàn kankan. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń gba owó nípasẹ̀ Remita, ètò ìsanwó orí ayélujára. Ẹ béèrè nọ́ńbà tó fi hàn pé owó ìrànlọ́wọ́ aláìsàn ni, kí ó má baà wọ inú àpò gbogbogbòò tí yóò ṣòro láti yọ jáde. Ẹ̀ka Medical Social Services ló mọ ẹni tí kò ní. Kí òṣìṣẹ́ wọn kan, dókítà kíndìnrín kan àti ẹnì kan láti ẹ̀ka ìnáwó jọ máa yan aláìsàn. Ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ yàn. Ààfin á pè, aṣòfin á pè, ẹ̀gbọ́n alága náà á pè; ẹ darí gbogbo wọn sí ìgbìmọ̀ náà. Ẹ san díẹ̀díẹ̀, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ ìjókòó kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà fáìlì aláìsàn, ọjọ́, rìsíìtì, àti bó ṣe parí. Orúkọ àti fọ́tò kò pọn dandan, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì dáàbò bo aláìsàn.

Bí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ti mọ ẹgbẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, tí gbogbo olùdáwó jẹ́ ẹni tó ń san owó orí tó sì fọwọ́ sí ìwé, Gift Aid, owó orí tí ìjọba ń dá padà fún ẹgbẹ́ aláàánú, á fi £4,500 kún £18,000 yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé iṣẹ́ àánú ni owó tó kọjá sókè òkun náà ṣe, àkọsílẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu bà yìí ni ẹ̀rí yín.

Mo mọ̀ pé inú ìlú kò ní dùn bí gbogbo owó bá lọ sí Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ìlú yín lè gba apá kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù fún ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, páálí ìyẹ̀tọ̀wò àti ẹ̀rọ tó ń wọn kreatíníìnì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó ń pa kíndìnrín jù, páálí kan sì lè fi purotéènì hàn nínú ìtọ̀ ní ọdún púpọ̀ ṣáájú kí ẹsẹ̀ tó wú. Kí wọ́n tún mọ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè lóru bí ìyá ọlọ́mọ kò bá tọ̀ mọ́.

Ní ti ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn London náà kí ẹ béèrè wákàtí tí mítà ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kà, ìwé àtúnṣe ọdún méjì tó kọjá, bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, ìwé ìlànà onímọ̀ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á fi oògùn fọ inú rẹ̀ kí wọ́n sì fa gbogbo omi jáde, nítorí omi tó bá dì nínú rẹ̀ nígbà òtútù á la páìpù. Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọn ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kíndìnrín tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe sí ìlú yín. Bí irú ẹ̀rọ kan náà bá wà lọ́wọ́ wọn, tí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn sì fi ìwé sọ pé òun fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ fún wọn. Bí kò bá kúkú ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á lè tú u fún ẹ̀yà ara. Bí wọn kò bá fẹ́ ẹ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ London, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.